Ohun Tí Ọwọ́ Mi Kò Tíì Gbé

Ọjọ́ Ajé ni mo kọ ọ́, nígbà tí aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo mọ àkókò náà nítorí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí mo kọ títí di òní, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó. Mo jókòó sẹ́yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, níbi tí a ti ń tún fóònù àti géèmù ṣe. Búrẹ́dì wà lọ́wọ́ òsì mi, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Ká ní mo gbé búrẹ́dì yẹn sílẹ̀ ni, bóyá ǹ bá ti ronú.

Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Àbíkẹ́yìn ló béèrè ìbéèrè nínú ẹgbẹ́ wa lórí ayélujára, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sọ èrò wọn nípa géèmù, fóònù àti fíìmù. Ó ní géèmù àtẹ́lẹwọ́ bàbá òun ti ń ṣí lẹ́yìn. Kò jókòó dáadáa lórí tábìlì mọ́, ńṣe ló ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní látìgbà tí bàbá ti ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, orí ibùsùn ló ń wà jù, géèmù yẹn nìkan ló sì ń mú un gbàgbé ìrora. Orí àyà rẹ̀ ló máa ń gbé e lé títí oorun yóò fi gbé e lọ. Kí ni kí òun ṣe?

Mo dá a lóhùn pé: "Gúlù ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti gbẹ. Ẹ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi téèpù wé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ gbé ìwé tó wúwo lé e lórí. Tó bá ṣe ọjọ́ díẹ̀, yóò ti padà sípò."

Kí n tó jẹ búrẹ́dì mi tán, èèyàn mọ́kànlélógójì ti tẹ àtàǹpàkò sí i.

Ó yẹ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́tìnnì ni orúkọ mi níbẹ̀. Èmi ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mo ti kàwé. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni mo fi lọ. Ìjókòó kejì sí ẹnu ọ̀nà ni tèmi, nítorí pé iná kan ṣoṣo tó wà nínú kíláàsì kò tàn dé ẹ̀yìn. Ìgbà mọ́kàndínlógún ni mo sùn lọ lójú olùkọ́ ìṣirò tó fi ní kí n dìde dúró. Mo kà á. Ní gbogbo àkókò yẹn, àti ọdún méje tí mo ti lò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó béèrè rí pé kí ni èrò tèmi nípa ohunkóhun.

Nínú ẹgbẹ́ yìí, wọ́n ń dúró de èrò mi. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé géèmù tí kò bá jẹ́ kéèyàn dá a dúró lágbedeméjì, ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ṣe é. Mo kọ ọ́ pé fíìmù tó bá ti dé apá kẹrin, ọbẹ̀ àná tí wọ́n ń bu omi lé ni. Nípa fóònù olójú mẹ́rin kan tí bátìrì rẹ̀ kì í dé ọ̀sán, mo ní arẹwà tí kò lè rìn dé ẹnu ọ̀nà ni. Wọ́n a rẹ́rìn-ín, wọ́n a ní "Bàbá ti sọ̀rọ̀." Bàbá ni wọ́n ń pè mí. Mo mọ̀ pé obìnrin ni mí, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó dá àpọ́nlé padà nítorí pé wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn wọlé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ìka Mẹ́wàá nìkan ni kì í pè mí ní Bàbá. Ìyẹn ni orúkọ tí ẹnì kan ń jẹ́ níbẹ̀, ẹni tí kì í sọ púpọ̀ ju ìbéèrè lọ. Lábẹ́ ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé yẹn, ó kọ ọ́ pé: "Irú èwo ni, ti àtijọ́ ni àbí tuntun? Ṣé ẹ ti rí i ni?"

Mo fèsì pé ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ jẹun kì í bá wa sọ̀rọ̀ adùn ọbẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Àbíkẹ́yìn kọ ọ́ pé òun ti wé e, òun sì ti gbé ìwé tó tóbi jù nílé lé e. Ó ní bàbá òun ń kí Bàbá. Ẹ̀rín tún sọ. Inú mi dùn débi pé mo kọrin nígbà tí mo ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ìdùnnú yẹn kò pé ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́rú, oníbàárà kan gbé irú géèmù yẹn gan-an wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwà kan tí àwọn oníbàárà fi máa ń rẹ́rìn-ín rẹ̀: kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tó ṣe nǹkan wọn kó tó gbé e. Yóò gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, yóò di ojú, yóò wọ̀n ọ́n wò bí ẹni tó ń ra ẹja. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ló ti sọ fún mi pé: "Ohun tí ọwọ́ rẹ kò bá tíì gbé, má fi ẹnu tún un ṣe." Mo ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò gbọ́ ọ mọ́.

Lọ́jọ́ náà, bó ṣe gbé e tán, ó rọra gbé e sórí gíláàsì káńtà. Ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí obìnrin tó ni ín sún sẹ́yìn. Ó tú àwọn ìdè kéékèèké tó dì í pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Bátìrì ibẹ̀ ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Ó yọ ọ́ bí ẹni yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé, ó gbé e lọ sínú garawa iyanrìn tó máa ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ní, ṣebí abẹ́ ojú rẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ máa ń wà, gúlù nìkan ló wà lẹ́yìn. Ó ní ti àtijọ́ nìyẹn. Ó ní nínú tuntun yìí, wọ́n ti gbé e sẹ́yìn kí ojú rẹ̀ lè fẹ́lẹ́, nítorí náà èyíkéyìí nínú wọn tó bá ń ṣí lẹ́yìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gúlù.

Mo béèrè pé, "Tí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ńkọ́?"

Ó gbójú sókè. "Ta ló fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan. Mo kàn béèrè ni."

"Iná lonítọ̀hún ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn," ó ní. "Kì í sì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé."

Mo bojú wo ọrùn ọwọ́ òsì mi. Àpá kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó ewé ata. Ọdún kejì mi ní ṣọ́ọ̀bù ni, Ọjọ́bọ̀ ni, mo fi ẹnu irin kékeré kan kan bátìrì tó ti wú. Kí n tó lanu, èéfín ti sọ, ó ń ta bí ata tó jóná sínú epo. Ọjọ́ mọ́kànlá ni n kò fi lè fọ abọ́. Kò ṣeé sọ nígbà náà pé n kò mọ̀. Mo mọ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn: mo mọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí n bi Àbíkẹ́yìn ni Ìka Mẹ́wàá bi mí, mo sì fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo kọ̀wé sí Àbíkẹ́yìn ní ìkọ̀kọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tú téèpù yẹn, kó yọ géèmù náà kúrò nídìí iná mànàmáná, kó gbé e jìnnà sí bàbá. Àmì tó ń sọ pé ìwé náà ti dé yọ. Àmì tó ń sọ pé wọ́n ti kà á kò yọ. Mo tún kọ̀wé ní aago mẹ́ta, mo kọ ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo kọ nígbà tí mo délé. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ti di mẹ́sàn-án, kò sí ọ̀kan tí wọ́n kà.

Mo lọ wo gbogbo ohun tí Àbíkẹ́yìn ti kọ sẹ́yìn. Ọdún méjì ni, kò sí ọjọ́ kan tó fò. Bí kò bá ráhùn nípa fíìmù tí ohùn inú rẹ̀ kò bá ẹnu mu, yóò máa yin géèmù bọ́ọ̀lù kan tí gbogbo wa kórìíra. Láti aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ajé, kò kọ ọ̀rọ̀ kan.

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Èyí tí mo jù kò fọ́. Ó wà lábẹ́ ìwé níbì kan, ó ń gbóná. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ panápaná bá ké lójú títì, ọwọ́ mi a dúró. Mo ń rí bàbá kan tí n kò mọ̀ rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí ibùsùn rẹ̀ ń jó, tí kò lè dìde. Mo lẹ ojú fóònù ẹnì kan mọ́ fóònù ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi yọ ọ́ láìbínú, ó ní, "Àbúrò, ibo lo wà?" Mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn tó tẹ àtàǹpàkò sí ìmọ̀ràn mi ti di mẹ́tàlélọ́gọ́jọ. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi náà ti wé tèmi o, Bàbá. Ẹ ṣeun." Kì í ṣe bàbá kan mọ́.

Ìgbà náà ni mo ronú pé kí n pa ìmọ̀ràn náà rẹ́. Ìtẹ̀ méjì péré ni. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, fóònù sì bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo wo ìbéèrè yẹn bí ẹni tí adájọ́ ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Bí mo bá pa á rẹ́, tí iná bá sọ níbì kankan, kò sẹ́ni tó máa tọ́ka sí mi. Wọ́n á ṣì máa pè mí ní Bàbá. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá parẹ́ lójú fóònù, téèpù ò ní tú lára géèmù. Ẹni tó ti wé e kò ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun tú u. Mo tẹ̀ ẹ́ pé rárá.

Láti aago méjìlá sí aago kan ọ̀sán ni mo fi kọ èyí tó tẹ̀lé e. Mo gbé búrẹ́dì mi sílẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi kọ ọ́. Mo sọ pé irọ́ ni ohun tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé, mo dáhùn láìrí nǹkan náà. Mo sọ pé Ìka Mẹ́wàá bi mí ní ìbéèrè tó tọ́, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹlẹ́yà. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti wé tirẹ̀ yọ ọ́ nídìí iná, kó má fi ọ̀bẹ kàn án, kó gbé e sínú ìkòkò tí iyanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, kó gbé ìkòkò náà síta. Mo sọ pé n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, n kì í sì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni; obìnrin ni mí, mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi tún nǹkan ṣe. Mo kọ orúkọ títì wa àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, mo wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fi ránṣẹ́, mo sì da fóònù dojú délẹ̀ bí ẹni tó ń sá fún un.

Nígbà tí mo máa fi gbé e sókè, èsì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti wà níbẹ̀. Mo rántí gbogbo wọn. Ẹnì kan ní Bàbá ti di Màmá. Ẹnì kan ya àwòrán obìnrin onírùngbọ̀n tó gbé òòlù lọ́wọ́. Òmíràn ní ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, báwo ló ṣe máa tún fóònù ṣe? Ẹni tó ní òun ti wé tirẹ̀ sọ pé òun ti tú u, ó ti wà nínú iyanrìn. Mo mí díẹ̀. Ìka Mẹ́wàá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré: "Ó dára. Àbíkẹ́yìn dà?"

Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló béèrè ohun tí mo ń béèrè. Kò sẹ́ni tó dá wa lóhùn.

Kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo kọ ìwé kẹwàá sórí fóònù Àbíkẹ́yìn. N kò mọ ohun tí mo tún fẹ́ sọ fún ọmọ, nítorí náà bàbá ni mo kọ ọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà aláìnírònú ni kéèyàn kọ̀wé sí ẹni tí kò ní fóònù náà lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé géèmù yẹn lé àyà mọ́. Ẹ ké sí ọmọ yín."

Oorun tí mo sùn kò tó nǹkan.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi ń nu gíláàsì káńtà, èmi ń ṣe bí ẹni tó ń to ìdè sínú agolo. Ọkọ̀ kan dúró ní òdìkejì títì. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ìyẹ̀fun funfun ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀ bíi ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Ó gbé ìkòkò dání, ó nawọ́ rẹ̀ jìnnà sí ara bí ẹni tó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀. Iyanrìn kún ìkòkò náà dé ẹnu.

Mo jókòó lórí àpótí.

Bàbá àgbàlagbà kan ń fi ọ̀pá méjì tẹ̀lé e, ó fún ìwé ńlá kan mọ́ abíyá. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bá ọkùnrin náà jà pé kó gbẹ́sẹ̀, géèmù ni òun ní kó gbé, òun kò ní kó gbé òkú.

Bàbá náà kò kí wa. "Èwo nínú yín ni Ọ̀jọ̀gbọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní wọ́n ti ṣìnà, kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n níbí.

"Èmi ni, Bàbá," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ lo ń ju ìwé lé mi lójú nígbà tí mo bá fẹ́ borí."

Ọmọ rẹ̀, Àbíkẹ́yìn, ló ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí òun gbé géèmù sábẹ́ ìwé lọ́jọ́ Ajé, bàbá kò jẹ́ kí òun rímú mí, ni òun bá gbé fóònù òun fún un kó máa fi ta ayò. Láti ọjọ́ náà, òun kò rí fóònù òun gbà mọ́ bí kò ṣe nígbà tí bátìrì rẹ̀ bá tán. Bàbá ní nǹkan kan sáà ń já bọ́ sórí ayò òun, òun sì ń fi ìka gbá a dànù.

"Mẹ́sàn-án ni mo gbá dànù bí eṣinṣin," Bàbá ní. "Lówùúrọ̀ yìí, bí wọ́n ṣe tan fóònù, òmíràn já bọ́, ó ní 'Bàbá'. Wọ́n á wá pè mí nílé mi, kí n má dáhùn? Mo ké sí ọmọ mi, òun ló ka ìyókù."

Ó gbé ìwé abẹ́ abíyá rẹ̀ sórí káńtà, ó dà á dojú bolẹ̀. Ìwé atúmọ̀ èdè ni, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, irú èyí tí mo lò nílé ẹ̀kọ́ alẹ́ gan-an. Láàárín pupa náà, àmì onígun mẹ́rin kan wà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Etí rẹ̀ pọ́n bíi búrẹ́dì tó pẹ́ lórí iná, àárín rẹ̀ sì ti dúdú. Òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo wà.

Àbíkẹ́yìn rọra sọ pé òun fi í sílẹ̀ nídìí iná láti ọjọ́ Ajé, kó lè ti kún dáadáa nígbà tí bàbá bá máa gbà á padà. Ó ní òun rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. N kò kúkú sọ fún un lọ́jọ́ Ajé pé kó yọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìwé náà, ó wo ọrùn ọwọ́ mi. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, kò gùn. Kò bá mi wí. Ó gbé ìkòkò lọ sí iwájú ìta, ó fi ọwọ́ gbá iyanrìn sọ́tọ̀, ó gbé géèmù náà jáde. Téèpù mẹ́ta ni wọ́n wé mọ́ ọn, wọn kò wọ́, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì fi síṣọ́ọ̀sì gé ẹnu wọn ṣánṣán. Gbogbo bí mo ṣe wí ni wọ́n ṣe é. Ìyẹn ló dùn mí ju ẹ̀yìn ìwé tó jóná lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó di ojú fún ìgbà díẹ̀, bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nà án sí mi.

"Gbé e lọ́wọ́ ná," ó ní.

Mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọwọ́ èèyàn. Ó wú lápá ọ̀tún ju apá òsì lọ. Nígbà tí mo yí i díẹ̀, mo gbọ́ ohùn kékeré kan nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá ṣẹ́.

Bàbá fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó súnmọ́ mi. Ó ní òun ti dé ìpele kejìdínlógójì kí wọ́n tó gba géèmù náà lọ́wọ́ òun, oṣù mẹ́ta ni òun fi dé ibẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tí òun dé ṣì wà nínú rẹ̀.

Èsì mélòó kan ti wà lẹ́nu mi. Àwọn èsì tó dáa ni, wọn ì bá pa á lẹ́rìn-ín.

"N kò tíì mọ̀, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ kí n ṣí i ná."